Iná Pupa Ẹ̀yìn Alùpùpù Adégòróyè

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pa òwe iná ẹ̀yìn yìí bí ẹni ń jẹ gúgúrú, wọn kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wà nídìí rẹ̀. Inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Ìrókò.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Adégòróyè. Alùpùpù ló fi ń gbé èrò, òun náà ló sì fi ń jẹun. Bàbá rẹ̀ ló fi alùpùpù náà sílẹ̀ fún un. Ó ti gbó, àga rẹ̀ ti ya, eéfín rẹ̀ sì dúdú, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò kọṣẹ́. Àríyíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń ta òrí. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Gbádébọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kiri ilé. Ojèdélé, àbúrò Àríyíkẹ́, náà ní alùpùpù tirẹ̀.

Orí òkè ni ìlú wọn wà, ọjà ńlá sì wà ní ìsàlẹ̀. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ rí kọ́lọkọ̀lọ, ọ̀gbun wà lápá kan rẹ̀, bí ọyẹ́ bá sì dé, kùrukùru á bò ó mọ́lẹ̀ títí oòrùn yóò fi yọ. Nítorí èyí ni àwọn ọlọ́kadà fi ní àṣà kan. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ ọjà, wọn kì í dá lọ. Wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹnì kan á ṣíwájú, ẹni tó tẹ̀lé e á máa wo iná pupa ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnì kẹta á máa wo ti ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ ni títí dé ẹni ìkẹyìn. Aṣáájú ni wọ́n ń pe ẹni iwájú yẹn, ojú tí wọ́n sì fi ń wo ọmọ olóyè ni wọ́n fi ń wò ó.

Bàbá Ọdẹ́wálé ló ti ń ṣe Aṣáájú láti ìgbà pípẹ́. Iná iwájú tirẹ̀ kò sàn ju fìtílà lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ ọjà tí kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nu gíláàsì pupa iná ẹ̀yìn kó tó gun alùpùpù. Nígbà tí ojú bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ó fi ipò sílẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà pàdé, wọ́n ní ẹni tí iná iwájú rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ jù ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni yóò jẹ Aṣáájú.

Bàbá Ọdẹ́wálé ní, "Iná iwájú nìkan lẹ fẹ́ wò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ogbó ti ń da bàbá láàmú.

Bàbá tó bí Adégòróyè ti jẹ Aṣáájú rí. Ó wu ọmọ láti jókòó síbi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí, n kò sì bá a wí nítorí ìyẹn. Ọ̀nà tó gbà wá a ló burú. Ó wá iná ńlá kan tí wọ́n tú lára katakata àtijọ́, ó gbé e lọ bá Sàbítù, réwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní ìlú, tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́.

"Bá mi so èyí mọ́ alùpùpù mi."

Sàbítù yí iná náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ẹ́ńjìnnì yìí ló ń pèsè iná tó ń lò, kò sì pọ̀. Ó dà bí omi inú ìkòkò kan. Bí ẹnì kan bá fi igbá ńlá bù ú, kí ni ẹnì kejì yóò mu? Jẹ́ ká pààrọ̀ kọ́ọ̀lì inú rẹ̀ tó ń mú iná wá, kí n sì fa wáyà tuntun sí i. Bí ọjà ọ̀la bá ti kọjá, kọ́ọ̀lì á dé láti ìgboro."

"Ọjà ọ̀la gan-an ni mo ń sọ."

"Bí mo bá so ó báyìí, tiwájú tẹ̀yìn ni yóò ṣe bàìbàì. Bí o bá sì dẹwọ́ lórí ẹ́ńjìnnì, díẹ̀ ló kù kí wọ́n kú."

Adégòróyè ronú. "Bí a bá gé ti ẹ̀yìn ńkọ́, kí ti iwájú lè rí gbogbo rẹ̀ mu?"

"Adégòróyè, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ńkọ́?"

"Ṣé ẹ̀yìn ni mo ń lọ ni? Gé e, jàre. Bí kọ́ọ̀lì bá dé, a ó so ó padà."

Sàbítù mọ̀ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò yéé bẹ̀ ẹ́, àkókò ìrun sì ń lọ. Ó gé wáyà náà, ó fi téèpù dúdú dì í lẹ́nu, ó sì lọ ṣe àlùwàlá. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kò jẹ̀bi. Èmi kò sí lára wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, Àríyíkẹ́ fi ewé pọ́n òrí rẹ̀, ó tò ó sínú apẹ̀rẹ̀. Ó gbé Gbádébọ̀ fún ìyá tó bí òun. Kó tó gun alùpùpù, ó fi àkísà tó ti mu òrí nu gíláàsì pupa ẹ̀yìn rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Lẹ́yìn náà ló jókòó sẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbéra, ó bojú wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá Gbádébọ̀, iná ẹ̀yìn máa ń pọ́n sí gìgísẹ̀ mi. N kò rí i lónìí."

Ó yẹ kí ọkọ rẹ̀ sọ òótọ́ fún un. Ó ní, "Kùrukùru ni. Dì mí mú dáadáa."

Ó sì gbà á gbọ́.

Ní ibùdó àwọn ọlọ́kadà, Adégòróyè fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ níná, ìmọ́lẹ̀ ńlá náà sì la kùrukùru já. Àwọn èèyàn fọwọ́ bojú. Kò sẹ́ni tó tún bá a du ipò náà. Ojèdélé yára bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni Aṣáájú. Èmi ni n ó tẹ̀lé wọn."

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ojèdélé kò rí iná pupa, òun náà sì rò pé kùrukùru ló bò ó. Ìmọ́lẹ̀ ńlá iwájú ń tàn yí àna rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ká, ó ń rí òjìji wọn, ìyẹn sì tó o. Nígbà tí wọ́n dé igun ọ̀nà tó wà lókè afárá kan, agbo màlúù kan ń sọdá. Adégòróyè rí wọn dáadáa, torí iná rẹ̀ dára. Ó dẹwọ́ lórí ẹ́ńjìnnì, ó tẹ ìjánu. Bó ṣe dẹwọ́, iná ńlá náà rẹ̀wẹ̀sì bí Sàbítù ṣe wí, òkùnkùn sì bo ẹ̀yìn wọn. Ojèdélé kò rí nǹkan kan níwájú mọ́. Eré ló ń sá bọ̀. Ó kọ lu ibi tí Àríyíkẹ́ jókòó sí.

Adégòróyè ṣubú, apá rẹ̀ bó. Eyín Ojèdélé méjì yọ. Àríyíkẹ́ kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí ojú ọjọ́ là, Ojèdélé jókòó sílẹ̀, orí Àríyíkẹ́ wà ní itan rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń tún sọ fún Adégòróyè: "Iná ẹ̀yìn dà, ẹ̀gbọ́n? Iná ẹ̀yìn yín dà?" Bàbá Ọdẹ́wálé, tí wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀ láti ìlú, fọwọ́ wá inú koríko. Ó rí gíláàsì pupa náà. Kò fọ́, òrí ṣì ń dán lára rẹ̀. Ó tọ wáyà iná ẹ̀yìn lára alùpùpù náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan téèpù dúdú. Ó gbé gíláàsì náà síwájú Adégòróyè. Adégòróyè sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn.

Wọ́n sin Àríyíkẹ́ lọ́jọ́ náà. Ojèdélé ta alùpùpù rẹ̀, kò sì gun òmíràn títí ó fi kú. Nígbà tí Adégòróyè lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, Gbádébọ̀ wà lẹ́yìn ìyá àgbà náà, ó ti sùn lọ.

Ìyá náà ní, "O rí ọ̀nà. Ọmọ mi ńkọ́?"

Láti ọjọ́ náà, kí àwọn ọlọ́kadà tó gbéra ní Òkè-Ìrókò, Aṣáájú gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí àwọn yòókù kí wọ́n lè rí iná pupa rẹ̀. Bí wọ́n bá sì rí ẹni tó ń lé ohun iwájú tí kò ro ti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń sọ fún un títí dòní ni pé: iná iwájú la fi ń rí ọ̀nà, iná ẹ̀yìn la fi ń délé.