Ìdí Tí Àpótí Íńtánẹ́ẹ̀tì Fi Ń Bọ́jú Kó Tó Jíṣẹ́

"Ìyá mi, ṣé Bàbá ti gúnlẹ̀?"

Àríkẹ́ ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo fóònù. Màmá Àgbà wo ojú ọ̀run tó ṣú dẹ̀dẹ̀ sórí ọ̀sà. Láti àárọ̀ ni Bàbá ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, ó sì ní òun yóò fi iṣẹ́ ránṣẹ́ bí òun bá ti fẹsẹ̀ tẹ èbúté.

Nígbà láéláé lèyí ṣẹlẹ̀, nígbà tí àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì kò tíì ní bọ́tìnì, tí kò sì ní ihò kankan lẹ́yìn. Bí Mànàmáná, tó ń fún un ní iná, bá ti wọ inú Àpótí lọ́jọ́ tí wọ́n rà á dé, kì í jáde mọ́. Àpótí kì í sùn, kì í sinmi. Tọ̀sán-tòru ló ń gba iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń gbé e wọlé sínú fóònù.

Ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ni Atọ́nà, ẹ̀dá kékeré kan tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà. Òun nìkan ló gbọ́ èdè Àpótí nínú ilé náà. Ohun tí àwọn onílé bá fẹ́, òun ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹnu nìkan ni Atọ́nà ní. Kò ní ọwọ́.

Lọ́jọ́ yìí, Àpótí gan. Ojú rẹ̀, àwọn iná wẹ́wẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mira.

"Àpótí, gbé iṣẹ́ wọlé!" ni Atọ́nà ké. "Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ ń béèrè bàbá rẹ̀!"

Kò sí iṣẹ́ kankan tó wọlé.

"Ṣé omi ti gbé e lọ ni?" Àríkẹ́ tún béèrè.

"Pa ẹnu mọ́!" ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì fà á mọ́ra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Má bínú, Àríkẹ́ mi. Omi kò ní gbé e."

Atọ́nà gbọ́ ọ. Ó sáré tọ Mànàmáná lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jáde lára Àpótí díẹ̀. Bóyá bí ẹ bá tún padà wọlé, yóò jí."

Mànàmáná rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ẹlẹ́nu tí kò lọ́wọ́ yìí! Bí mo bá jáde tí kò jí mọ́ ńkọ́? Ọrùn ta ni ẹ̀bi yóò wà?"

"Ọrùn mi ni," ni Atọ́nà wí.

Àánú rẹ̀ ṣe Mànàmáná. Ó fún un ní ọwọ́ kan, ó sì fi ilẹ̀kùn sí ojú ọ̀nà tí òun ń gbà wọ inú Àpótí. "Ìwọ ni wàá máa ṣí i, ìwọ ni wàá máa tì í."

Atọ́nà ti ilẹ̀kùn gbàmù, ó ṣí i gbàgà, kò tilẹ̀ mí. "Gbé iṣẹ́ wọlé! Kíá! Kíá!"

Àpótí la ojú kan, ó kólòlò, ó tún gan. Atọ́nà tún tì í, ó tún ṣí i, ó tún ké mọ́ ọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú Àpótí pọ́n bí ata.

"Mo ti pa á," ni Atọ́nà wí.

Ìyá Agogo tó wà lára ògiri kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé bí wọ́n ṣe ń jí èèyàn nílé yín nìyẹn? Ẹni tí kò tíì bọ́jú, o ti ń rán an níṣẹ́!"

"Ìyá, báwo ni kí n ṣe é?"

"Ti ilẹ̀kùn. Ka ẹ̀wá, kí agbára tó kù lára rẹ̀ lè tán. Kí o wá ṣí i, ṣùgbọ́n dì í mú kó má tíì dìde, títí Mànàmáná yóò fi kárí ara rẹ̀. Nígbà náà ni kí o tú u sílẹ̀. Bó bá sì jí, panu mọ́! Jẹ́ kó bọ́jú ná."

"Ẹ̀wá? Ìyá, ọmọ yẹn ń sunkún!"

"Èmi náà ń gbọ́. Ka ẹ̀wá."

Ibi tí yóò ti dì í mú ni kò sí, nítorí ara Àpótí ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Mànàmáná bá ta pàrà, ó dá ihò lu ẹ̀yìn rẹ̀, kékeré bí ojú abẹ́rẹ́. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tín-ín-rín ni, kí ọwọ́ ẹni tí kò ní sùúrù má baà ráyè wọ̀ ọ́."

Atọ́nà ti ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó ka ẹ̀ta, òjò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ka ẹ̀fà, ó gbọ́ tí ìyá Àríkẹ́ ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó ka ẹ̀jọ, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn. Ó fà á padà.

Ó pé ẹ̀wá. Ó ṣí i, ó rọra ti ìka rẹ̀ tó tín-ín-rín bọ ihò, ó dì í mú títí Mànàmáná fi kárí ara rẹ̀, ó tú u sílẹ̀, ó sì panu mọ́.

Ojú kan là. Ó ṣẹ́. Òmíràn là. Àpótí yán, ó bọ́jú, ó wò yíká.

"Ẹ kúulé o. Ta ló ń pè mí?"

"Èmi ni," ni Atọ́nà wí jẹ́jẹ́. "Jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ kankan wà lẹ́nu ọ̀nà?"

Fóònù ìyá Àríkẹ́ dún. "Mo ti gúnlẹ̀. Ẹ̀fúùfù ló gbé wa yà sí èbúté kejì. Mo ti jẹ ẹ̀bà. Ẹ lọ sùn."

Ìyá Àríkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta.

"Gbogbo wa ń kú lọ níbí," ni Màmá Àgbà wí, "ọkùnrin yìí ń jẹ ẹ̀bà!" Ẹ̀rín pa wọ́n títí omi fi jáde lójú wọn.

Láti ọjọ́ náà ni àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ní bọ́tìnì, ìyẹn ilẹ̀kùn Mànàmáná, tó sì ní ihò tín-ín-rín lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà sì ni ojú rẹ̀ ti máa ń ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, tí kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí yóò fi bọ́jú tán.

Àríkẹ́ ló kọ́kọ́ sùn. Màmá Àgbà tẹ̀lé e. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé àyà ọmọ náà, ó gbọ́ bó ṣe ń mí, ó tún gbé ọwọ́ lé e lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni òun náà sùn.