Ọwọ́dìímú àti Ohun Tí Ó Kù Nínú Amọ̀

"Bí ìda bá ti ṣàn jáde tán nínú amọ̀, tí idẹ kò sì tíì wọ ibẹ̀, kí ni ó wà nínú rẹ̀?"

Ẹfúnwándé ni ó bi wọ́n ní ọjọ́ kan, lẹ́bàá iná. Àwọn tí ń fẹ́ ẹwìrì ń fẹ́ iná wọn lọ. Ọmọ rẹ̀ Ọwọ́dìímú rò pé àwàdà ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbọn amọ̀ kúrò lọ́wọ́, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọdún náà kò yípo tí ó fi papòdà.

Òfìfo-inú-ìkòkò-ní-ń-gba-ọbẹ̀,
Ihò-imú-kò-lẹ́ran-òun-lara-fi-ń-wà-láàyè,
Àwọn ni wọ́n dífá fún Ọwọ́dìímú, ọmọ bíbí inú Ẹfúnwándé, ní ọjọ́ tí ó ń da idẹ tí idẹ kò gbà fún un.

Alágbẹ̀dẹ idẹ ni Ọwọ́dìímú ní Òkè-Amọ̀. Ilé wọn ni ó ń ṣe gbogbo idẹ ààfin láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọn a fi ìda oyin mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Wọn a fi amọ̀ bo ìda náà. Wọn a gbé e sí iná, ìda a yọ́, a sì ṣàn jáde. Wọn a wá da idẹ gbígbóná sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Bí ó bá tutù, wọn a fọ́ amọ̀. Ẹfúnwándé ni ó ń mọ ìda, òun náà ni ó ń fi amọ̀ bò ó, òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó ọmọ rẹ̀, nínú iyàrá kan lẹ́yìn ilé. Iná àti idẹ ni ti Ọwọ́dìímú. Kì í wọ iyàrá àwọn obìnrin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó máa ń bá wọn sọ nípa rẹ̀ ni pé wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ ṣòfò, nítorí ìgbálẹ̀ tí òun bá rà lónìí, kì í pẹ́ kí ó tó tín-ín-rín.

Ọkùnrin náà ní ìwà kan. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá lè dì mú, kò gbà pé ó wà. Bí wọ́n bá sọ fún un pé inú ẹnìkan bàjẹ́, a ní kí wọ́n gbé ìbànújẹ́ náà wá kí òun wò ó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn a na ọwọ́ òfìfo sí i, wọn a ní, "Gba àlàáfíà. Rọra gbé e o, ó wúwo." Ọwọ́dìímú a bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í yí ohùn padà. Ó ní ohun tí ayé ń pè ní ọgbọ́n, ọpọlọ lásán ni, ti àgbò sì wà lọ́jà, ẹni tí ó bá wù lè fi se ọbẹ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò sunkún. Ó kó ọ̀bẹ tí ìyá náà fi ń gé ìda, òkúta tí ó fi ń dán amọ̀, àwo omi rẹ̀, àpótí ìjókòó rẹ̀ àti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú iyàrá náà, ó tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn. Ó ní ìyá òun kò lọ síbì kankan. Ohun gbogbo tí ó fi ń jẹ́ Ẹfúnwándé wà nínú iyàrá. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ọba tuntun fẹ́ jẹ. Ààfin ní kí Ọwọ́dìímú ṣe agogo tí wọn yóò lù ní ọjọ́ tí ọba bá jáde. Ó wọ iyàrá. Ó jókòó lórí àpótí ìyá rẹ̀, ó di ọ̀bẹ ìyá rẹ̀ mú, ó fi ìda mọ agogo. Ó fi amọ̀ bò ó, ó dí gbogbo ara rẹ̀ gbọingbọin, ó ku ẹnu kan ṣoṣo tí idẹ yóò gbà wọlé. Nígbà tí ó fọ́ amọ̀, ìdajì agogo ni ó bá, ara rẹ̀ sì lu bí afárá oyin. Ó tún un ṣe. Bákan náà ni. Ìránṣẹ́ ààfin yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ fún un pé bí kò bá sí agogo kí oṣù tó lé, ilé mìíràn ni yóò máa ṣe idẹ ọba, iná ilé Ọwọ́dìímú yóò sì kú.

Àwẹ̀ró wá bá a. "Bàbá Àjàgbé, ẹ jẹ́ kí n wo bí ẹ ṣe bò ó."

"Kí lo fẹ́ wò? Irinṣẹ́ Ìyá ni mo fi bò ó. Ṣé tìrẹ wá ju ti Ìyá lọ ni?"

Àwẹ̀ró bá tirẹ̀ lọ. Ọwọ́dìímú gbọ̀nà ilé àwọn awo.

Wọ́n ní ire ń bọ̀ wá bá a, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ire síta. Wọ́n ní kí ó rú ẹyẹlé méjì, kí ó rú obì, kí ó sì rú ohun tí ó wà lọ́rùn rẹ̀. Kí ó kó gbogbo ohun tí ó tì mọ́lé fún àwọn tí yóò lò ó, kí ó má ṣẹ́ ọ̀kan kù. Ó bi wọ́n pé bí òun bá fi ìyá òun tọrẹ tán, kí ni yóò kù fún òun? Wọ́n ní kí ó lọ rúbọ.

Ó rú ẹyẹlé. Ó rú obì. Kò rú kọ́kọ́rọ́. Ó jókòó, ó ro ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń ro àlọ́. Bí ọgbọ́n ìyá òun bá wà nínú ohun ìní rẹ̀, èyí tí ó pẹ́ lára rẹ̀ jù ni yóò ní ọgbọ́n jù. Ó mú ẹ̀gbà idẹ tí obìnrin náà fi sọ́wọ́ láti ìgbà ọmọge. Ó yọ́ ọ mọ́ idẹ, ó fi da agogo.

Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ni ó burú jù. Agogo náà là sí méjì, ẹ̀gbà kò sì sí mọ́. Ọwọ́dìímú gbé èéfọ́ kan lé àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí. Ó wúwo. Kì í ṣe ìyá rẹ̀. Ìgbà náà ni ó tó sunkún.

Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn. Ó gbé àpótí fún àbúrò ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ó kó aṣọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ó kó ọ̀bẹ, òkúta àti àwo fún Àwẹ̀ró, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e.

"Kí ni kí n fi wọ́n ṣe?"

"Ohun tí Ìyá ń fi wọ́n ṣe ni."

Àwẹ̀ró mọ ìda, ó fi amọ̀ bò ó, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀. Ìda ṣàn jáde. Bí Ọwọ́dìímú ṣe ń da idẹ, atẹ́gùn gbígbóná kan fẹ́ láti ẹ̀yìn amọ̀, ó kàn án lójú. Ó rántí pé atẹ́gùn yìí a máa fẹ́ òun lójú nígbà ayé ìyá òun. Kò bi ẹnikẹ́ni rí. Idẹ wọlé bí omi ṣe ń wọ akèrègbè, ó kún.

Ó fọ́ amọ̀. Agogo yọ, kò ní àbùkù. Ó lù ú. Ohùn rẹ̀ gba orí ilé kọjá lọ sí odò. Ọwọ́dìímú sáré di agogo náà mú, ohùn kú. Ó ṣí ọwọ́, ó tún lù ú, ohùn jí.

Ọba jáde sí ohùn agogo náà, iná ilé wọn kò sì kú. Ọwọ́dìímú ń yin àwọn awo rẹ̀, àwọn awo ń yin Ifá. Wọ́n ní ẹni tí ó rú ìdajì ẹbọ, ìdajì agogo ni yóò gbà. Ẹni tí ó gbọ́ ìmọ̀ràn tí ó sì rú ẹbọ rẹ̀ pé, òkìkí rẹ̀ yóò ré odò kọjá.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ iyàrá lọ bá Àwẹ̀ró. Ó gbé ọ̀bẹ wò. Ó gbé òkúta wò. Ó yí àwo padà.

"Èwo nínú wọn ni?"

"Èwo nínú kí ni, Bàbá Àjàgbé?"

"Gbogbo ìwọ̀nyí ni mo lò. Èwo ni Ìyá ń lò tí n kò lò?"

Àwẹ̀ró wò ó bóyá ó ń fi òun ṣẹ̀sín ni. "Àwọn tí a máa ń gún mọ́ ẹ̀yìn ìda kí a tó fi amọ̀ bò ó ńkọ́? Wọn a jóná mọ́ inú amọ̀, ihò wọn a ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gbà jáde kí idẹ tó ráyè wọlé. Mo ṣebí ẹ mọ̀. Ojoojúmọ́ ayé lẹ ń bá wa jà lórí rẹ̀."

Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́dìímú yíjú padà.

Ìgbálẹ̀ fara ti ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Láti ìgbà tí Ẹfúnwándé ti kú ni ó ti wà níbẹ̀, kò dín. Ní òwúrọ̀ yìí, ó ti tún tín-ín-rín.