Àwòrán Tí Bàbá Fi Bẹ Ìyàwó Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní Ẹdẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwòrán yíyà. Kì í lo bébà tàbí ọ̀dà. Ojú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ni ó ń yà á sí. Ó fẹ́ràn ewì àwọn ará Japan, àwọn ewì kúkúrú tí èèyàn ń kà tán kí ó tó mí kanlẹ̀. Akéwì á mẹ́nu kan òjò tó ń kán sórí fìlà arìnrìn-àjò, á sì dákẹ́. Àárò ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹni tó ń kà á. Ọkùnrin yìí ní bí òun náà yóò ṣe máa ya èèyàn nìyẹn: ìlà díẹ̀, àyè púpọ̀.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè wá bá a. Ìyàwó bàbá ti bínú lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ìbàdàn, kò sì gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, ìkòkò òfìfo ni bàbá ń ṣí wò nílé. Ó fẹ́ fi àwòrán ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ayàwòrán wò ó títí. Ó fa ìlà kan fún ẹ̀yìn tó tẹ̀, òmíràn fún ọrùn, ó wá ya ọwọ́ kan tó di ọmọrí ìkòkò mú. Ó parí.

“Ojú mi dà?” ni bàbá bi í.

“Ìyá á mọ̀ yín, bàbá.”

“Ta ni yóò mọ ẹni tí kò lójú? Fi ojú sí i. Fi fìlà sí i, àti ìlẹ̀kẹ̀ oyè mi. Mọ́tò mi ńkọ́?”

Ó dun ayàwòrán, ṣùgbọ́n àgbà ni bàbá. Ó fi gbogbo rẹ̀ sí i. Bàbá fi í ránṣẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò pẹ́ tí ìyá fi fèsì: “Ipò wo lẹ ń du? Mi ò ní dìbò fún yín.”

Bàbá jókòó, ó di orí mú. Ayàwòrán pa mọ́tò rẹ́, ó pa ìlẹ̀kẹ̀ rẹ́, ó pa fìlà àti ojú rẹ́, ó wá gba fóònù lọ́wọ́ bàbá, ó fi èyí tó kù ránṣẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá fúnra rẹ̀ ló pè. “Ẹ ti jẹun?”

Bàbá ti lanu láti ṣàlàyé ìjà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ayàwòrán mi orí sí i pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

“Rárá,” ni bàbá wí.

“Mò ń bọ̀ lọ́la. Ẹ má fọwọ́ kan ìkòkò mi.”

Ìwọ tí o fẹ́ lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ, mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí o fẹ́ sọ: oore tí o ti ṣe fún un, ohun tí ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ wí, irú èèyàn tí o jẹ́ ládùúgbò. Fi wọ́n sílẹ̀. Wọlé, dọ̀bálẹ̀, sọ pé o jẹ̀bi, kí o sì dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ mọ ìyókù.