Ọkọ Ìyàwó Tó Fò Sílẹ̀ Lójú Omi

Ọkùnrin kan wà tí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ bọ́ sí àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Òdìkejì odò ni ilé àwọn òbí ìyàwó rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, òun ló pẹ́ dé jù, bàbá ìyàwó sì ti sọ níṣojú gbogbo ẹbí pé bí ó bá tún pẹ́, òun yóò fa ọmọ òun lọ́wọ́ padà sílé. Ọkùnrin yìí sì fẹ́ràn ọmọbìnrin náà débi pé kò rí oorun sùn mọ́jú.

Ó dé etí odò ní kùtùkùtù nínú agbádá funfun báláú. Ó wọ ọkọ̀ bàbá atukọ̀ kan tó ti ń tu àwọn ènìyàn kọjá níbẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Wọ́n ti ń rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tilẹ̀ ń gbọ́ agogo, ni bàbá bá yí orí ọkọ̀ padà sí ọ̀nà tí wọ́n ti ń bọ̀.

Ọkọ ìyàwó béèrè bóyá bàbá gbàgbé nǹkan ni. Bàbá ní rárá, ó ní ẹ̀ẹ̀rùn ti jẹ́ kí omi fà, ẹ̀yìn erékùṣù kékeré kan lọ́hùn-ún nìkan ló ṣì jìn.

"Jókòó, ọmọ mi. Ibi tí ò ń lọ náà ni mò ń gbé ọ lọ."

Ó jókòó, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò gbélẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ni ṣọ́ọ̀ṣì ń jìnnà sí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ọkọ ìyàwó? Ó wo omi tó wà láàárín òun àti ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí i pé kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ó ká agbádá lé èjìká, ó sì fò sílẹ̀ pé òun yóò fẹsẹ̀ rìn ín.

Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ dára. Èkejì wọlé dé orúnkún. Kí ó tó gbé ẹ̀kẹta, ó ti rì dé ìbàdí, agbádá sì tẹ́ sórí ẹrọ̀fọ̀ bí aṣọ tí a sá sórí koríko. Ẹ̀rù bà á gan-an. Kò lè lọ, kò lè bọ̀, agogo sì ń dún.

Bàbá kò bínú. Ó tukọ̀ padà wá dé ibi tí omi gbà á dé, ó na ọ̀pá tó fi ń ti ọkọ̀ sí i, ó sì fà á jáde. Bàtà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Wọ́n yí erékùṣù náà ká, wọ́n sì gúnlẹ̀ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Bàbá ìyàwó ti dìde, ó ti di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ó wo àna rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ̀rín sì gbé e jókòó padà. Ìyàwó ní ẹni tó tìtorí òun wọ ẹrọ̀fọ̀, òun kò ní kọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n so wọ́n pọ̀, tòun ti ẹrọ̀fọ̀.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, má rẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́, tí ohun tí o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn tún ń jìnnà sí ọ, ibi tí omi jìn ni Ọlọ́run ń wá gbé ọ gbà. Jókòó sínú ọkọ̀. Bí o bá wá ti fò sílẹ̀ ńkọ́? Má tijú aṣọ rẹ. Ọlọ́run kò tíì tukọ̀ lọ. Na ọwọ́ rẹ sí I.