Igi Ẹlẹ́gùn-ún Wúràọlá

Bí ẹlòmíì ṣe ń gbin òdòdó ni Wúràọlá ń gbin igi ẹlẹ́gùn-ún. Ewé wọn nípọn, ó pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀gún sì bò ó. Inú garawa tó ti lu ló ń tò wọ́n sí yí àgbàlá ká, tí ará àdúgbò ń fi í rẹ́rìn-ín. Èyí tó ń so èso pupa ni ààyò rẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Ìlọrin, ó ní kí Àrìnpé ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá òun ṣọ́ àgbàlá. Ó padà dé, ààyò ti pòórá! Wọ́n ti gé e tìdí-tìdí.

"Ewúrẹ́ ni, ọ̀rẹ́ mi," ni Àrìnpé wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́. Wá wẹ̀, kí n bá ọ kín ẹ̀yìn, ara á tù ọ́."

Wúràọlá jókòó sórí àpótí. Àrìnpé fọṣẹ sọ́wọ́, ó gbé e lé e lẹ́yìn, ó fà á wálẹ̀.

"Yéè!"

Wúràọlá fò dìde, ó gbá ọwọ́ náà mú, ó yí i sójú ọ̀run. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ bí irun ológbò, tí Àrìnpé rò pé òun ti fọ̀ dànù, ló kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ẹnu Wúràọlá ò lè pa dé. "Háà! Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́! Mo ṣe bí òwe lásán ni."

"Ó wù mí ni," ni Àrìnpé wí, ó dorí kodò.

"Ó wù ọ́?" Wúràọlá fi ọwọ́ náà sílẹ̀. "Ewé kan ṣoṣo tó bá já bọ́ sílẹ̀, ó ti hù nìyẹn. Ǹ bá gé e fún ọ, Àrìnpé. O ò kàn béèrè ni."