Ojúọlápé tí Ilẹ̀kùn Rẹ̀ Wúwo

Ìdààmú bá Ojúọlápé, ọmọ Tísà Àgbà, ní ilé Alámọ̀, ilé tiwa, ní Ìrágbìjí. Ó kọ́ iṣẹ́, ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò wá a wá.

Iṣẹ́ ojú òpó ayélujára ni ó kọ́. Ẹni tó bá ní ọjà, tàbí ilé ẹ̀kọ́, tàbí ẹgbẹ́, Ojúọlápé ni yóò ya ojú òpó rẹ̀ fún un, yóò kùn ún, yóò to ọ̀rọ̀ sí i, kí ará ọ̀nà jíjìn lè fi fóònù yà síbẹ̀. Ọwọ́ ọnà kì í ṣe àjèjì nínú ìdílé náà. Ìyá tó bí baba rẹ̀ kì í gbé ìkòkò sínú iná láìfín ọnà sí i lọ́rùn. Ojú mi ni ó ṣe. Ọmọ náà kò já ìdílé kulẹ̀.

Ó ní ojú òpó kan fún ara rẹ̀, èyí tí ó fi ń sọ ẹni tí òun jẹ́ àti iṣẹ́ tí òun lè ṣe. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò Òṣogbo, wọ́n dákẹ́. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn onílé ẹ̀kọ́ ní Ìkìrun, àwọn náà dákẹ́. Nígbà tó yá, baba rẹ̀ pè é jókòó. Ó ní òun ti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀. Bí ọdún iṣu tuntun bá fi dé tí iṣẹ́ kò wọlé, kí ó pa kọ̀ǹpútà dé, kí ó lọ máa to fáìlì. Ojúọlápé kò bá baba rẹ̀ jiyàn. Oúnjẹ ni kò lè jẹ mọ́.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Tanímọ̀ọ́lá. Ibì kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ìyà kan náà ni ó sì ń jẹ wọ́n. Àwọn méjèèjì jọ gba ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣuntóyìn lọ, ìyá arúgbó tó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ní ìsàlẹ̀ àgbàlá ilé wa. Ìyá gbé àtẹ sílẹ̀, ó da owó. Odù Ọ̀ṣẹ́ ni ó jáde. Ìyá wo àwọn ọ̀dọ́ náà títí, ó wá ki odù náà fún wọn báyìí pé:

Ilẹ̀kùn ìrókò dùn ún wò,
Ó wúwo lọ́wọ́ àlejò.
Ajé kì í bá ilẹ̀kùn jìjàkadì,
Ibi tó bá ṣí sílẹ̀ ni í wọ̀.
A dá a fún gbẹ́nàgbẹ́nà
Tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ara rẹ̀ ju ti ọba lọ,
Tí ó jókòó sínú ilé,
Tí ó ń retí ẹni tí yóò wọlé.

Ojúọlápé kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé ẹnìkan ni ó ń dí wa lọ́nà?”

Ìyá dáhùn pé, “Kò sí ọ̀tá nínú ọ̀rọ̀ yín. Bó bá jẹ́ ọ̀tá ni ẹ ń wá, ẹ kọjá sí ilé kejì.”

Ó wá ka ẹbọ fún wọn. Kí oníkálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ se ẹ̀kuru. Kí ó fi orí ara rẹ̀ rù ú lọ sí oríta tí ọ̀nà oko ti pàdé títì Ìkìrun, kò gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni. Kí ó pín in fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Ẹni tó bá sì bi í pé ọmọ ta ni, pé iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe, kí ó dá a lóhùn títí yóò fi yé e. Ìyá fi kún un pé, “Lẹ́yìn èyí, ohun tí ọkàn yín fẹ́ràn jù lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ gbé e kúrò.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí kò yé èyíkéyìí nínú wọn. Bí wọ́n ti jáde, Tanímọ̀ọ́lá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀kuru la ó fi wá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà? Kí ni mo fẹ́ máa ṣàlàyé fún ọlọ́kadà tí oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀?”

Ojúọlápé ní, “Àwọn tí oúnjẹ kò kún ẹnu wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ti dá ọ lóhùn?”

Tanímọ̀ọ́lá gba ilé rẹ̀ lọ. Ojúọlápé lọ ra ẹ̀wà.

Ó rẹ ẹ́, ó bó o, ó lọ̀ ọ́, ó pọ́n ọn sínú ewé, ó sè é. Ìyá rẹ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó dúpẹ́, kò gbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ó gbé igbá karí, ó gba oríta lọ.

Àwọn ọlọ́kadà ni ó kọ́kọ́ yí i ká. Ọ̀kan bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun ń kọ́ ilé sórí ayélujára. Ọkùnrin náà jẹ ẹ̀kuru, ó rò ó, ó ní, “Ta ni ó ń bá ọ po sìmẹ́ǹtì ibẹ̀?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó rántí ẹbọ, ó tún un sọ. Kò yé wọn. Ó tún un sọ lọ́nà mìíràn. Nígbà tí òrùn fi mú, ó ti mọ̀ ọ́n sọ tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́kadà kan náà fi ń bá a ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ń ti oko bọ̀, bí ẹni pé òun ni ó kọ́ ọ.

Ìgbà náà ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ dé, olórí àwọn obìnrin tó ń ṣe ọṣẹ dúdú nílùú. Ó gba ẹ̀kuru, ó fetí sílẹ̀, ó sì yọ fóònù kékeré kan tí ojú rẹ̀ ti sán. “Fi ti ìwọ alára hàn mí kí n rí i.”

Ojúọlápé bá a tẹ̀ ẹ́. Nǹkan roboto kan ń yí lójú fóònù náà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ jẹ ẹ̀kuru kan tán, ó ń yí. Ó tú èkejì, ó jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́, ó ń yí. Ó gbójú sókè.

“Ọmọ mi, mo ti jẹun yó lẹ́nu ọ̀nà rẹ, o ò tíì ṣílẹ̀kùn.”

Gbogbo oríta bú sẹ́rìn-ín. Ojúọlápé náà rẹ́rìn-ín, kí ẹ̀rín náà tó kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣuntóyìn ti yé e.

Lẹ́nu ọ̀nà ojú òpó rẹ̀, ó ti fi àwòrán kan sí i tó ń rìn: amọ̀ tó ń yí títí tó fi di ìkòkò, tí ọnà ń yọ lọ́rùn ìkòkò náà bí ìyá àgbà rẹ̀ ti máa ń fín in, tí ọnà náà sì wá di orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó fi ṣe é. Lórí fóònù olówó ńlá tirẹ̀, nínú yàrá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lágbára, wéré ni ó ń ṣí. Kò tíì tẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù ẹlòmíràn rí. Àwòrán náà ni ó ń jẹ dátà ẹni tó bá fẹ́ wọlé, títí olúwa rẹ̀ yóò fi yí padà.

Ó padà sílé, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó wo ìkòkò náà bó ti ń yí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé e kúrò, ó sì kọ ọ̀rọ̀ tí oríta ti kọ́ ọ sí ibẹ̀:

“Ojúọlápé ni orúkọ mi, ọmọ ilé Alámọ̀, Ìrágbìjí. Tísà ni baba mi, ìyá baba mi mọ ìkòkò. Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ ń tà tàbí ohun tí ẹ ń ṣe, mo lè ṣe ojú òpó fún yín, kí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn rí i, kí ó sì mọ bí yóò ti bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ wo àwọn èyí tí mo ti ṣe nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ẹ pè mí.”

Nígbà tí Ojúọlápé dé ẹbu, ibi tí àwọn ọlọ́ṣẹ ti ń se ọṣẹ, tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ tún un tẹ̀, ó ṣí kí ó tó fa fóònù sẹ́yìn kúrò lójú. Ó kà á sókè fún àwọn obìnrin tó ń ro ọṣẹ lórí iná. Wọ́n ní kí ó tún un kà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ọlọ́ṣẹ ti di ti Ojúọlápé. Àwọn ọlọ́kadà tẹ̀ lé wọn. Àwọn onílé ẹ̀kọ́ Ìkìrun, tí wọ́n ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀, fúnra wọn ni wọ́n pè é. Nígbà tí iṣu tuntun fi máa wọ ọjà, Tísà Àgbà ti ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n fi àyè náà fún ọmọ ẹlòmíràn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé tábìlì ìkàwé rẹ̀ lọ sí yàrá ọmọ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà pọ̀ ju agbára ẹnìkan lọ. Ojúọlápé wá dárúkọ Tanímọ̀ọ́lá fún obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ ní Ìbàdàn. Obìnrin náà tẹ ojú òpó rẹ̀ nínú ọkọ̀. Iná àti orin ni Tanímọ̀ọ́lá fi sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Obìnrin náà dúró títí, kò ṣí, ó sì gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí Tanímọ̀ọ́lá gbọ́, ó fi ìka àbámọ̀ bọnu. Ó wá sí àgbàlá wa, ó dọ̀bálẹ̀, ó bèèrè bóyá ẹbọ òun ṣì lè dà. Ọ̀ṣuntóyìn ní, “Ẹbọ rẹ ń dúró dè ọ́. Iṣẹ́ tó lọ ni kò ní padà.” Tanímọ̀ọ́lá se ẹ̀kuru. Iyọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn ọlọ́kadà sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́; lẹ́yìn náà ni wọ́n bi í pé ọmọ ta ni.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ẹni tó gbọ́ ẹbọ tó sì rú u wà nínú ọlá. Ẹni tó fi ẹbọ ṣe yẹ̀yẹ́ kábàámọ̀ kí ó tó gbé igbá. Ojúọlápé kò sì ju ìkòkò rẹ̀ nù. Ó gbé e sí ìyẹ̀wù ojú òpó rẹ̀, ó ń yí níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá ti wọlé, tó ti jókòó, ni ó ń rí i.