Koríko Tí Wọ́n Ń Bomi Rin Lójoojúmọ́

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí koríko má kú lọ. Láoyè ni wọ́n ń pè é. Pápá gọ́ọ̀fù kan ló ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí odò. Ihò méjìdínlógún ló wà ní pápá náà. Yí ihò kọ̀ọ̀kan ká, koríko kan wà tí wọ́n ń gé mọ́lẹ̀ bí irun orí. Gíríìnì ni wọ́n ń pè é, orí rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti ń yí wọ ihò. Mẹ́sàn-án wà lọ́wọ́ Láoyè. Mẹ́sàn-án yòókù wà lọ́wọ́ Ìyá Rúkà, obìnrin àgbàlagbà kan tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí Láoyè tó dé.

Ní àsìkò òjò, iṣẹ́ àwọn méjèèjì dọ́gba. Wọn a gé koríko, wọn a tu èpò, wọn a la ojú àgbàrá kí omi má baà dúró. Ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ni ọ̀nà wọn máa ń yà.

Láràárọ̀, kí oòrùn tó mú, Láoyè a fa rọ́bà omi, a wọ́n omi díẹ̀ sí gíríìnì kìíní, a kọjá sí èkejì, títí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán a fi máa dán. Kì í fo ọjọ́ kan. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù a dúró, wọn a ní, "Láoyè, o kú iṣẹ́. Ilẹ̀ yìí mọ̀ ọ́." Inú rẹ̀ a dùn.

Ìyá Rúkà ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń bomi rin koríko rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, a gbé ẹnu rọ́bà kalẹ̀, a jẹ́ kí omi máa wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ilẹ̀ a fi mu ún dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, a kúrò níbẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹrin, koríko náà a ti ṣá, ewé rẹ̀ a ti ká jọ. Àánú koríko náà a máa ṣe Láoyè.

Lọ́jọ́ kan, ó bá ìyá náà wọ́n omi sí gíríìnì rẹ̀ kan nígbà tí kò sí níbẹ̀. Ìyá náà dé, ó rí i pé ilẹ̀ tutù.

"Láoyè, ìwọ lo bomi rin ibí?"

"Èmi ni, Ìyá. Mo rí i pé ó ti ń rọ."

"O ṣeun. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Jẹ́ kó wá omi fúnra rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Láoyè. Koríko kò lẹ́sẹ̀, níbo ni yóò ti wá omi? Ó rò ó títí, ó wá gbà pé ọjọ́ orí ló dé sí ìyá náà, pé rọ́bà ti ń wúwo jù fún un.

Nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga jóná. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni kò fi sí omi. Ìdíje ọdọọdún sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, koríko Láoyè yí àwọ̀ padà. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ó ti dà bí ẹní tó gbó. Láoyè ń fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi láti odò, ó ń gun òkè, ó ń dà á sórí ohun tó ti kú. Ní ọjọ́ kẹfà, ó rìn lọ sí apá kejì pápá. Koríko Ìyá Rúkà ti ṣá. Láoyè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ya ewé rẹ̀. Ó wà láàyè.

Orí rẹ̀ dàrú. Ọjọ́ wo ni òun fò? Àbí abẹ ẹ̀rọ ìgéko ni? Àbí ajílẹ̀ ti pọ̀ jù? Ó wo gbogbo rẹ̀ lọ, ó wò ó bọ̀, kò rí ibì kan tí òun ti ṣe àṣìṣe. Ọkàn tó dàrú kì í pẹ́ kó tó wá ẹni tí yóò dì mú. Ó rántí pé inú ìyá náà kò dùn sí omi tí òun bá a wọ́n. Ó lọ bá ọ̀gá pápá.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi bi Ìyá Rúkà ohun tó dà sí koríko mi."

Ọ̀gá pe àwọn méjèèjì síbi ihò kẹta, ní apá Láoyè, ní ìṣojú àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Ìyá Rúkà gbọ́ ẹ̀sùn náà. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀bẹ. Ó gé ìṣù ilẹ̀ kan níbẹ̀, ó kọjá sí apá tirẹ̀, ó gé òmíràn wá, ó kó méjèèjì lé Láoyè lọ́wọ́.

Gbòǹgbò koríko Láoyè kò gùn ju èékánná lọ. Ti ìyá náà gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì tún já níbi tí ọ̀bẹ ti gé e.

"Ṣùgbọ́n èmi ni mo tọ́jú tèmi jù, Ìyá."

"O tọ́jú ẹ̀. Òkè lo ń wọ́n omi sí lójoojúmọ́, òkè náà ni gbòǹgbò rẹ̀ jókòó sí. Kí ni ì bá máa wá lọ sí ìsàlẹ̀?"

Láoyè dọ̀bálẹ̀. Ìyá náà ní kó dìde, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó tún bá a jẹun pọ̀. Ihò mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fi ṣe ìdíje ọdún náà. Nígbà tí òjò dé, Láoyè gé koríko láti apá Ìyá Rúkà, ó fi ọwọ́ gbìn ín sí gbogbo tirẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn dé, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí kò bomi rin ín, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dìde lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà. Ó dà bíi pé ìkà ni òun ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà yé e, síbẹ̀ kò yé e. Ó jókòó, ó ń wo ewé tó ń ká jọ nínú oòrùn, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ kẹrin, ó bomi rin ín dáadáa, ó sì kúrò níbẹ̀.

Ìwọ tó o wá bá mi nítorí ọmọkùnrin rẹ, o ní o kò mọ ìdí tí ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kò fi lè fara da ìṣòro ọ̀sẹ̀ kan láìké sí ọ. Ìwọ lo bá a bẹ olùkọ́ rẹ̀. Ìwọ lo bá a bẹ ọ̀gá rẹ̀. Bí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá ní èdèkòyédè, ìwọ lo ń parí rẹ̀ kó tó la ẹnu. Ní báyìí o ti ń fura pé ìyàwó náà ló ṣe é ní nǹkan. Fi ọ̀rọ̀ ìyàwó sílẹ̀. N kò ní kí o jẹ́ kí òùngbẹ pa ọmọ rẹ. Ìyá Rúkà náà ń bomi rin koríko rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá tún pè ọ́ lọ́la pé òùngbẹ ń gbẹ òun, má tíì dìde. Bi í léèrè ibi tó ti wá omi dé.